Yanrìn Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Tẹ̀ Mọ́lẹ̀

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lichtenberg, ládùúgbò kan ní Berlin, gbà pé púlọ́ńbà ni mí. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi. Bí ẹ̀rọ omi ilé ẹnì kan bá ti ń kán tótó, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, màá sì lọ, nítorí n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá àgbà tó ń pè mí ní "ọmọ mi" pé páìpù tí èmi mọ̀ nípa rẹ̀, èèyàn lè nàró sínú rẹ̀ kí orí rẹ̀ má kan òkè. Mo ti pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀rọ omi fún bí ìdajì ìjọ. Wọ́n á gbàdúrà fún mi, wọ́n á di mọ́ínmọ́ín fún mi, màá sì padà sílé tayọ̀tayọ̀.

Iṣẹ́ mi gan-an ni kí n máa ṣètò bí páìpù omi ńláńlá yóò ṣe gba ibi tí ilẹ̀ ti là kọjá, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ ti máa ń mì. Ọ́fíìsì wa wà ní Altona, ní Hamburg, ilé mi sì wà ní Berlin. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ìyókù, orí tábìlì ìjẹun wa ni mo ti ń ṣe é. Ilẹ̀ kì í mì ní Berlin, kì í mì ní Hamburg. Ọkọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe tó fi gbé èmi onínúfùfù wá sí ibi tí ilẹ̀ ti jókòó jẹ́ẹ́, pé bí ilẹ̀ àti èmi bá jọ ń mì, ta ni yóò gbé inú ilé náà? Mo máa ń dá a lóhùn pé kí ó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà mi ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Àwọn ibì kan wà láyé tí ilẹ̀ ti là sí méjì nísàlẹ̀, tí apá kan àti èkejì ti ń ti ara wọn láti ìwáṣẹ̀. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmira. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá mira, apá kan á sún sí ọ̀tún, èkejì á sún sí òsì, ọgbà tí èèyàn fà gún régé lánàá á sì di méjì tí kò bára mu mọ́. Kò sí irin tó lè sọ fún ilẹ̀ pé kó má sún. Nítorí náà a kì í bá a jà. A máa ń dá páìpù kọjá níbẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá sún, ńṣe ni yóò fà á, kò ní fún un pọ̀, torí irin a máa fara da fífà ju fífún lọ. Irin tó nípọn la máa ń lò, a ó fi iná jó wọn mọ́ra dáadáa, a kò sì ní gbé kọnkéré kankan sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà la ó gbẹ́ kòtò rẹ̀ fẹ̀, a ó da yanrìn gbígbẹ bò ó. Yanrìn yẹn gbọ́dọ̀ dẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí páìpù lè rí àyè yí ara padà lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá sún.

Níbi gbogbo yòókù láyé, ẹni tó bá bo páìpù láìtẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀lẹ ni. Ọ̀nà á rì, mọ́tò á kó sí i, wọ́n á sì bú ìyá ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé ìwé nìyẹn: da ilẹ̀ sí i, tẹ̀ ẹ́, wọ́n omi sí i, tún un tẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti là nìkan ni òfin yẹn ti yí padà, ibẹ̀ kò sì gùn ju ibi tí èèyàn lè rìn já kí tíì rẹ̀ tó tutù.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìlú kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, ní orílẹ̀-èdè kan tí n kò ní dárúkọ. Adágún wà lókè, ìlú wà nísàlẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti là sì wà láàárín wọn. Ọkọ̀ tánkà ló ń gbé omi wá fún wọn. Ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ lọ́hùn-ún fún agbaṣẹ́ṣe jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ìlú náà gan-an. Ilé ìyá rẹ̀ wà ládùúgbò orí gegele kan tí àwọn onítánkà kì í fẹ́ gùn dé, ìyá náà sì ti ń gbé garawa gòkè láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Èmi àti ọ̀dọ́bìnrin yìí máa ń rí ara wa lórí fídíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro bára wa sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé lọ́dọ̀ wa a kì í pe àgbà lórúkọ, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ tiwọn, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń pè mí ní Aunty. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe bí ẹni tó mọ ohun tí kò mọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń kó ran èèyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, mo ti kúrò ní ọ́fíìsì, mo dúró ní ibùdókọ̀ Altona, mò ń jẹ Fischbrötchen, búrẹ́dì tí wọ́n ń fi ẹja há láàárín, tí ọkọ mi ní òórùn rẹ̀ ti sọ kóòtù mi di ti apẹja. Fóònù mi dún. Ọ̀dọ́bìnrin yìí ló fi fọ́tò ránṣẹ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Aunty, a ti bo ibi tí ilẹ̀ ti là. Ẹ wò ó bó ṣe dán! Mo dúró tì wọ́n látàárọ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ju bí wọ́n ṣe tẹ ibi yòókù lọ, torí ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù."

Mo wo fọ́tò náà. Ilẹ̀ náà dán lóòótọ́, ó tẹ́jú bí tábìlì, katakata tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń retí oríyìn. Ó wà nínú àwòrán wa pé kí wọ́n da yanrìn tó dẹ̀ sí i. Ó da yanrìn tó dẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí gbogbo ẹnjiníà tó mọṣẹ́ máa ń ṣe sí yanrìn tó dẹ̀. Ká ní ọ̀lẹ ni, ìlú rẹ̀ ìbá ti bọ́.

Mo padà sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi ṣì wà níbẹ̀, ará Jámánì kan tó ga, tí kì í gbóhùn sókè, tó sì ń fi òfin ṣe oúnjẹ àárọ̀. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "A gbọ́dọ̀ kọ Mängelanzeige lónìí." Ìwé tí wọ́n fi ń sọ fún agbaṣẹ́ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ ní àbùkù nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a dúró díẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé iṣẹ́ náà dára ni?"

"Kò dára, sà. Ṣùgbọ́n bí ìwé yẹn bá dé ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe, ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n á dì í rù. Wọ́n á lé e, wọ́n á sì máa bá wa jiyàn, torí wọ́n ní àyẹ̀wò tó fi hàn pé ilẹ̀ náà le dáadáa. Wọ́n á ṣí omi sínú páìpù nínú ilẹ̀ líle yẹn kí ẹjọ́ tó parí. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ ná. Bí òun fúnra rẹ̀ tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bá sọ pé kí wọ́n kó o, ta ni yóò bá a jiyàn?"

Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Ó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé," ló wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, màá fi ìwé náà ránṣẹ́."

Ọkọ̀ mi ti lọ, èyí tó tẹ̀ lé e sì kọ Verspätung sí ojú pátákó, ìyẹn ni pé yóò pẹ́ dé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, inú ń bí mi sí ọmọ náà, inú ń bí mi sí ọ̀gá mi, inú ń bí mi sí ọkọ̀ tí kò dé. Ẹ̀rù náà ń bà mí. Bí ilẹ̀ bá sún tí yanrìn yẹn sì le, ojú kan náà ni yóò ti di páìpù mú, yóò ṣẹ́ ẹ. Omi yóò tú sórí àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀, ìlú yóò sì padà sídìí tánkà lọ́jọ́ tí wọ́n nílò omi jù lọ.

Àárọ̀ Sátidé ni mo pè é. Mo ti múra ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀. Mo kí i, mo kí ìyá rẹ̀, mo yin bó ṣe dúró ti àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo ní yanrìn yẹn gbọ́dọ̀ jáde.

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín náà kú.

"Aunty, ẹ fẹ́ kí n fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìtẹ̀? Ẹ̀yin ò mọ ìlú wa. Gbogbo agbaṣẹ́ṣe tó ti wá síbí, iṣẹ́ jákujàku ni wọ́n ṣe fún wa. Ọ̀nà ilé ìyá mi rì kí ọdún tó yí po. Mo búra pé tèmi kò ní rí bẹ́ẹ̀."

"Èyí yàtọ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti là ni."

"Ṣé torí pé ìlú kékeré ni tiwa? Ká ní Jámánì ni, ṣé ẹ máa ní kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìtẹ̀?"

Ibẹ̀ ni mo ti yẹ kí n mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín pé onínúfùfù ni mí. Mo gbóhùn sókè. Mo ní ìwé wà nílẹ̀ tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, pé èmi ni mò ń fi ara dènà á, òun sì wá ń bá mi jiyàn. Ó dágbére fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì pa fóònù.

Ó dùn mí. Ìbéèrè tó bi mí yẹn, èmi náà ti bi àwọn òyìnbó ní irú rẹ̀ rí nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé, tí wọ́n ní irú páìpù báyìí ti tó fún àdúgbò báyìí. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti kíṣìnì. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o."

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pòwe fún mi lówùúrọ̀ yìí."

"Mi ò pòwe. Mo just ń sọ pé o ti fẹnu ṣàlàyé, kò work. Show am now. Èmi gan-an, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, I no ever understand wetin that sand dey do."

Mo wò ó. Mo dìde, mo lọ gbé páálí bàtà rẹ̀ méjì láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ojú ibi tí mo gé kan ara wọn lórí tábìlì. Ibi tí wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti là. Yanrìn ló kù. Ibo ni èèyàn ti ń rí yanrìn gbígbẹ ní Lichtenberg tí òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Wẹ́sìdé? Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé gàrí.

"Ah-ah! Gàrí Ìjẹ̀bú tí mo gbé láti Hellersdorf? With my own two hands, nínú tram?"

"Ẹ gbé fóònù yín wá, kí ẹ máa ká a sílẹ̀."

Mo kọ́kọ́ da gàrí sínú páálí méjèèjì, mo sin igi sìpàgẹ́tì kan tí a kò tíì sè sínú rẹ̀, láti páálí kan bọ́ sí èkejì, mo wọ́n omi sí i, mo sì fi ìdí kọ́ọ̀bù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi le. Mo sún páálí kan díẹ̀. Ó ṣẹ́ kàá, a gbọ́ ọ. Mo wá kó gàrí tútù yẹn kúrò, mo da gàrí gbígbẹ sínú páálí méjèèjì, mo sin sìpàgẹ́tì mìíràn, n kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Mo sún páálí. Òun náà ṣẹ́ kàá.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín débi pé fóònù fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin wa jáde láti yàrá rẹ̀, ó wo gàrí lórí tábìlì àti nílẹ̀, ó ní, "Mama, was machst du da?" Mo ní iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ó padà wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Àṣé mo ti sin sìpàgẹ́tì kejì yẹn sí ọ̀nà tí páálí fi ń fún un pọ̀ dípò kó máa fà á. Èmi tí mò ń gba owó oṣù lórí ọ̀rọ̀ yìí! Mo tún un dá ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó tọ́, mo da gàrí gbígbẹ bò ó, mo sì sún páálí náà jẹ́jẹ́. Gàrí náà rọra ń ya lójú, sìpàgẹ́tì náà tẹ̀ díẹ̀, kò sì ṣẹ́. Mo sún un sí i, síbẹ̀ kò ṣẹ́. Ọkọ mi dẹ́kun ẹ̀rín. "Oh," ló wí, "so na wetin you dey go do for Hamburg be this."

Mo fi gbogbo fídíò náà ránṣẹ́ láìgé nǹkan kan kúrò, pẹ̀lú èyí tí mo ṣe tó bàjẹ́ àti ẹ̀rín ọkọ mi. Mo kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé kó má bínú sí ohùn tí mo fi bá a sọ̀rọ̀, pé bó bá jẹ́ abẹ́ ilé ìyá tèmi ni ilẹ̀ ti là, bí màá ṣe bò ó nìyí.

Kò fèsì. Lọ́jọ́ Àìkú, n kò gbọ́ ìwàásù. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan ní ẹ̀rọ omi òun tún ti ń kán. Mo ní mò ń bọ̀, mo sì gbàgbé láti lọ. Ojú mi kò kúrò lára fóònù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí ìròyìn rẹ̀ wọlé, ó kọ ọ́ sí agbaṣẹ́ṣe, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi àti ọ̀gá mi. Kò sì bo nǹkan kan. Ó ní òun lòun ní kí wọ́n tẹ yanrìn ibẹ̀ mọ́lẹ̀, pé ó lòdì sí àwòrán, pé òun ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde, katakata sì ti wà nídìí ẹ̀. Omi kún ojú mi láàárín àwọn èèyàn tó ń ka ìwé wọn. Ẹ̀rù ń bà mí fún un, orí mi sì ń wú.

Nígbà tí mo dé Altona, ọ̀gá mi ti tẹ ìròyìn náà jáde. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí láti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kankan. Mängelanzeige di ohun tí kò wúlò mọ́. Dípò rẹ̀, ó kọ̀wé sí agbaṣẹ́ṣe pé inú òun dùn sí ẹnjiníà wọn, pé òun fẹ́ kí ó jẹ́ òun náà ni yóò parí iṣẹ́ yìí. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Wọn kò sì lé e.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ kọ̀ láti kó yanrìn tí àwọn fi òógùn ara tẹ̀, ló bá fi páálí àti ìyẹ̀fun ṣe gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe é, níwájú gbogbo wọn. Ó ní èyí tó fún páìpù pọ̀ náà ṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Omi pẹ́ dé ju ọjọ́ tí wọ́n ti kéde lọ, àwọn èèyàn sì ń nàka sí i nígboro. Ìyá rẹ̀ pàápàá bínú. Ó ní ọmọ òun ló wá jókòó lé omi òun lórí, òun ń gbé garawa gòkè, ọmọ òun ń hú ilẹ̀ tó dára. Kò bá a sọ̀rọ̀ dáadáa títí omi fi dé, lẹ́yìn tí omi dé náà, ó ṣì ń ráhùn pé ìbá ti tètè dé.

Ilẹ̀ mì níbẹ̀ ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Inú fóònù ni mo ti rí i, kí n tó jáde nílé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kú, ògiri díẹ̀ ló wó. Mo pè é, kò wọlé. Mo pè é láti orí ọkọ̀, kò wọlé. Ní Altona, ọ̀gá mi ti tẹ́ àwòrán ibẹ̀ sórí tábìlì, àwa méjèèjì jókòó tì í bí ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí.

Ó tó ọ̀sán kó tó pè. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ síbẹ̀, eruku bò ó. Ó ní ọgbà oko tó kọjá níbẹ̀ ti já sí méjì, pé apá kan ti sún ju ìgbọ̀nwọ́ èèyàn kan lọ. Ó ní yanrìn orí páìpù ti ya, ó sì ti rì díẹ̀, pé páìpù tẹ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ibi tó ṣẹ́. Ó ti wo ẹ̀rọ tó ń wọn agbára omi lápá méjèèjì. Bí wọ́n ṣe wà lánàá náà ni wọ́n wà.

Ọ̀gá mi fi ọwọ́ bojú. Èmi ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

"Aunty, mo ti dé ilé ìyá mi," ló wí. "Ẹ dúró, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà gba fóònù, ó sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, gbólóhùn kan péré, ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Mò ń gbọ́ ìró omi tó ń dà àti ariwo nǹkan tó ń kanra wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kí ẹ má bínú, Aunty, àwọn kò lè pẹ́ lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ń fọ abọ́."